Fírígò tó ṣíwọ́ iṣẹ́: ẹ tún un ṣe ni, àbí ẹ ra òmíràn?



Ọ̀rọ̀ fírígò tó ṣíwọ́ iṣẹ́ ni a fẹ́ bá yín sọ. Ìkòkò àmù àwọn ìyá wa kò nílò iná. Bó bá fọ́, ẹ ó ra òmíràn lọ́jà. Fírígò kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ńlá ni. Ọ̀pọ̀ ìyá ló sì ń fi í jẹun: wọ́n ń ta omi tútù, wọ́n ń ta bísápù, wọ́n ń tọ́jú ẹja sínú rẹ̀. Ọjọ́ tí fírígò bá dákẹ́, ọjà dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi máa ń kánjú sanwó láìmọ ohun tó sanwó fún.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ wò ó fúnra yín. Ẹ yọ okùn iná rẹ̀ kúrò lára ògiri, kí ẹ ki ti rédíò bọ ibẹ̀. Bí rédíò náà kò bá sọ̀rọ̀, ara ògiri ni àìsàn wà, kì í ṣe ara fírígò. Ẹ wo bọ́tìnì tí a fi ń dín òtútù kù. Ọmọdé lè ti yí i sí òdo. Ẹ fi ìwé pélébé kan há ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹ tì í, kí ẹ sì fa ìwé náà. Bó bá yọ láìní wàhálà, rọ́bà ilẹ̀kùn kò dé ẹnu mọ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń wọlé. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ooru tó ń kúrò nínú fírígò, ibẹ̀ ló ń gbà jáde. Bí eruku bá bo irin ẹ̀yìn, tàbí tí ẹ fi fírígò ti ògiri pátápátá, ooru kò ní rí ọ̀nà lọ. Ẹ yọ okùn iná, ẹ gbá eruku náà, ẹ sún fírígò síwájú díẹ̀.

Bí kò bá tutù síbẹ̀, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu púpọ̀ nínú wọn ni pé, «Gáàsì rẹ̀ ti tán.» Níbí ni kí ẹ ti la etí yín dáadáa. Gáàsì fírígò kì í tán bí epo inú alùpùpù. Inú páìpù ni wọ́n dé e mọ́, ó ń yí ká níbẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń yí ká nínú ara. Bó bá dínkù, ibì kan ti lu. Ẹni tó bá rọ gáàsì sí i láìdí ihò náà, inú agbè tó lu ló ń pọnmi sí. Yóò tutù fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó yọ̀, lẹ́yìn náà yóò tún gbóná. Nítorí náà, ẹ bèèrè:

— Ọ̀gá, níbo ló ti lu?

— Ìyá, ẹ má ṣèyọnu, gáàsì ni mo fẹ́ rọ sí i.

— Mo gbọ́. Ẹ ṣáà fi ibi tó lu hàn mí ná.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Yóò fi omi ọṣẹ pa ara páìpù. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló lu. Nígbà míì ìpẹtà ló jẹ ẹ́. Nígbà míì, ọ̀bẹ tí wọ́n fi gbẹ́ yìnyín ló gún un. Ẹ má fi ọ̀bẹ gbẹ́ yìnyín o! Ẹ yọ okùn iná, kí yìnyín yọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ ka ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fírígò náà. Ẹ ó rí lẹ́tà R àti nọ́ńbà. Orúkọ gáàsì rẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ R600a, ìbátan gáàsì ìdáná ni, ó ń gbiná; kí wọ́n má ṣe fi iná jó páìpù rẹ̀ pọ̀ nínú yàrá tàbí nítòsí ààrò. Bó bá jẹ́ R134a, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rọ gáàsì mìíràn sí i. Bó bá sì jẹ́ R12, arúgbó ni fírígò yẹn. Gáàsì R12 ń ba ohun tó ń dáàbò bò wá lójú ọ̀run lọ́wọ́ oòrùn jẹ́. Ní 1987, àwọn ìjọba fọwọ́ sí àdéhùn ní Montreal, ní ilẹ̀ Kánádà, láti fi irú gáàsì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Láti 2010, àdéhùn náà kò fàyè gba ṣíṣe R12 mọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa pàápàá. Ẹ má náwó lé fírígò bẹ́ẹ̀ lórí.

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́, ohun tí wọ́n tún ṣe, àti owó tí ẹ san. Ká ní ẹ san 15 000 fránkì ní oṣù kejì, 12 000 ní oṣù karùn-ún, 18 000 ní oṣù kẹsàn-án. Lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò dà bí ẹni pé wọ́n pọ̀. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 45 000 fránkì.

Owó iná wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú kọ́ńtà iná sílẹ̀. Ẹ pa gbogbo ohun tí ẹ bá lè pa, ẹ jẹ́ kí fírígò nìkan máa ṣiṣẹ́. Ní aago mẹ́fà ọjọ́ kejì, ẹ tún kọ nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Ká ní fírígò yín jẹ 3, tí tuntun tó tó o ní títóbi ń jẹ 1. Ẹ ń fi 2 ṣòfò lójoojúmọ́. Lọ́dún kan, 730 ni. Ẹ fi iye owó tó wà lórí ìwé SBEE tàbí ti CEET sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹnu lè yà yín.

Èrò tèmi rèé. Bó bá jẹ́ rọ́bà, bọ́tìnì tàbí okùn ló bàjẹ́, ẹ tún un ṣe. Bí ihò bá wà níbi tí ọwọ́ lè tó, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bó bá ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, tí ẹ̀rọ dúdú tó wà ní ìdí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kọ́ńpírẹ́sọ̀, sì kú, tí owó àtúnṣe fi ju ìdajì owó tuntun lọ, ẹ fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti rọ gáàsì sí i lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, ẹ fi sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ àlòkù láti òkè òkun ni agbára yín ká, ẹ ṣọ́ra. Ghana ti fòfin de kíkó àlòkù fírígò wọ ìlú láti 2013, nítorí pé wọ́n ń jẹ iná púpọ̀. Ẹ má gba «ó ń dún» gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín, kí ẹ jókòó tì í títí omi inú abọ́ yóò fi dì. Ẹ gbé e ní ìnàró wálé. Bí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó dúró fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó tàn án.

Èyí tó kú ńkọ́? Ẹ yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrò kí ẹ tó gbé e sẹ́yìnkùlé. Ọmọdé tó bá sá pamọ́ sínú rẹ̀, tí ilẹ̀kùn sì pa dé, kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, a kò sì ní gbọ́ igbe rẹ̀.