Ṣé Òótọ́ Ni Pé Ikú Yá Ju Ẹ̀sín? Ọ̀rọ̀ Lórí Gbígbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá wa sọ níbi ìsìn ìdúpẹ́ àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa)

   Inú Bíbélì ni a ó ti mú ọ̀rọ̀ lónìí nítorí pé ìsìn ìdúpẹ́ nìyí, ṣùgbọ́n gbèsè kò mọ onímọ́ṣáláṣí yàtọ̀ sí oníṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo wa.

Òwe kan wà tí àwọn àgbà wa máa ń pa, wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Òwe náà ní ibi tó dára sí. Ó ń kọ́ ọmọ pé kó má jalè, kó má purọ́, kó má ba orúkọ ilé bàbá rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọjà tí a wà yìí, a ti rí i pé àwọn kan gbé òwe náà lọ síbi tí kò yẹ. Ọjà ò tà, owó ẹgbẹ́ ò pé, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n. Wọn ò wá sí ìpàdé mọ́. Bí wọ́n bá rí Akápò lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á yà sí ìsọ̀ onísọ̀. Bí a bá béèrè, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan, Ọlọ́run wà.

Lóòótọ́ ni, Ọlọ́run wà. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí nìyí: ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run kì í fi ìṣòro rẹ̀ pamọ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe kí á pa ẹnu mọ́ kí á máa rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, kí á kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Ọlọ́run, kí á sì sọ ọ́ fún ẹni tí Ọlọ́run fi sí ẹ̀gbẹ́ wa.

ÀNÍYÀN

Kò sí ẹni tó ń tajà ní Nàìjíríà tí kò mọ àníyàn. Ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, wọ́n ní ká jókòó sílé, ọjà tútù sì jẹrà mọ́ àwọn kan lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, oníbàárà á dúró níwájú wa, ó fẹ́ rà, àwa náà fẹ́ tà, kò sí owó tí yóò fi san. A ò tíì mí délẹ̀ tí wọ́n fi kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún yẹn náà pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Owó ọkọ̀ ẹrù gbéra sọ. Ẹni tó ń ra àpò mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ ò lè fi iye owó yẹn ra márùn-ún mọ́. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò ní ṣàníyàn ni?

Nínú ìwé Mátíù orí 6, láti ẹsẹ 25, Jésù sọ̀rọ̀ lórí àníyàn. Ẹ wo àwọn nǹkan tó dárúkọ: oúnjẹ, ohun mímu, aṣọ. Ohun tí à ń tà lọ́jà náà nìyẹn! Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọkàn wa máa ń wà. Ó ní ká wo àwọn ẹyẹ, wọn kì í gbìn, wọn ò ní àká, síbẹ̀ Baba ń bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti rí ẹyẹ tó jókòó sínú ìtẹ́ rẹ̀, tó ní kí Ọlọ́run gbé kòkòrò wá bá òun? Ìdájí ló ń jáde bíi tiwa. Iṣẹ́ ò bá ìgbẹ́kẹ̀lé jà. Ohun tí Jésù ní ká sọ̀ kalẹ̀ ni ẹrù ọ̀la tí a gbé lé ti òní lórí.

Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì. Ní orí 4 ẹsẹ 6, ó sọ ohun tí a ó fi rọ́pò àníyàn: kí á máa fi ohun tí à ń fẹ́ han Ọlọ́run nínú àdúrà, pẹ̀lú ọpẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí i dáadáa. Kò ní ká gbọ́n ọn mì bí oògùn. Sísọ ló ní ká sọ ọ́. Ẹ sọ iye gbèsè náà fún Ọlọ́run, ẹ dárúkọ ẹni tí ẹ jẹ, ẹ dárúkọ ọjọ́ tó yẹ kí ẹ san án. Kò sí èyí tó máa ya Ọlọ́run lẹ́nu níbẹ̀.

ÌDÁNWÒ

Bí àníyàn bá pẹ́ níkùn, ìdánwò ló ń kàn. Jésù gbààwẹ̀ fún 40 ọjọ́. Ìgbà tí ebi ń pa á ni Èṣù dé, ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Kò dúró di ọjọ́ tí Jésù bá yó. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń bá wa ní ìsọ̀. Á ní kí á lu ìdí kóńgò wọnú díẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Á ní kí á kó èyí tó ti bàjẹ́ sí ìsàlẹ̀, kí á fi èyí tó dára bò ó lójú. Á ní kí alájọ fi owó olówó ra ọjà ná, kí oṣù tó parí a ó ti dá a padà.

Ìwé Òwe orí 11, ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n èké ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ pé Olúwa kórìíra rẹ̀. Nínú Deutarónómì orí 25, Òfin Mósè kọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì láti ní òṣùwọ̀n méjì nínú ilé kan, ńlá kan, kékeré kan. Àbí ẹ ò rí i pé Ọlọ́run mọ̀ nípa ọjà? Ẹni tó bá lu kóńgò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ pé bí òun bá wọn ọjà pé, Ọlọ́run ò ní lè bọ́ òun. Bó ti wù kó gbàdúrà tó láàárọ̀, kóńgò yẹn ti jẹ́rìí lòdì sí i.

Ìdánwò mìíràn ni owó tó ń bí ọmọ lójijì. MMM dé Nàìjíríà ní 2015, wọ́n ṣèlérí èlé 30 náírà lórí 100 náírà láàárín oṣù kan. Ní oṣù kejìlá 2016, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gba owó jáde. Owó ilé-ìwé ọmọ àti owó ọjà àwọn èèyàn há síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, CBEX tún dé, ní oṣù kẹrin 2025 omijé mìíràn tún bọ́. Ẹ má jẹ́ ká sọ pé gbogbo àwọn tó kó sí i ló jẹ́ olójúkòkòrò. Gbèsè ló ń lé àwọn mìíràn. Wọ́n fẹ́ san án kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ìkánjú yẹn ló sì tì wọ́n sínú kòtò.

ÌTÌJÚ

Fífi gbèsè dójú tini kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nípa ìwọ̀fà, ẹni tó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ sin olówó. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú nípa ológò, ẹni tí wọ́n ń rán lọ jókòó ti onígbèsè nínú ilé, tí yóò máa yọ gbogbo agbo ilé lẹ́nu títí wọn yóò fi wá owó náà.

Lóde òní, inú fóònù ni ológò ń gbé. Àwọn ayánilówó kan wà lórí fóònù tí wọ́n á kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù ẹni. Bí ọjọ́ bá pé tí owó ò pé, wọ́n á kọ̀wé sí àna ẹni, sí pásítọ̀ ẹni, sí oníbàárà ẹni, pé olè ni. Ó burú débi pé ní 2022, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, ṣe ìlànà fún wọn nítorí irú ìdójútini bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa kó sọ́wọ́ wọn. A ò ní dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì fún wa láyè ká sọ ọ́. Owó ẹgbẹ́ ló jẹ. Nígbà tí kò rí i san, kò sọ fún àwọn onídùúró rẹ̀. Ó yá owó lórí fóònù láti fi san ti ẹgbẹ́, ó tún yá níbòmíràn láti fi san ìyẹn. Gbèsè tó tó owó àpò ìrẹsì kan di owó àpò mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, ìwé ẹ̀sín náà wọ fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jà, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀, a ò rí i mọ́. Nígbà tí ìyá àgbà méjì nínú ìgbìmọ̀ wá a lọ sílé, òwe yẹn ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ ká rò ó o. Nítorí owó ìrẹsì!

Ní òru ọjọ́ kan náà, ọmọ ẹ̀yìn Jésù méjì ló ṣe ohun ìtìjú. Júdásì ta Olúwa rẹ̀, Pétérù sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Júdásì kábàámọ̀, ó kó 30 owó fàdákà náà padà, ó dá lọ, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Pétérù sunkún kíkorò, ṣùgbọ́n kò fi àwọn ará sílẹ̀. Nínú Jòhánù orí 21, inú ọkọ̀ kan náà ló wà pẹ̀lú wọn. Bó ti gbọ́ pé Olúwa ló wà létí òkun, ó bẹ́ sómi, ó ń lọ bá a. Àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi. Ibi tí kálukú wọn gbé ìtìjú rẹ̀ lọ ló yàtọ̀.

Hébérù 12 ẹsẹ 2 sọ fún wa pé Jésù fara da àgbélébùú, kò sì ka ìtìjú rẹ̀ sí. Gbangba ni àwọn ará Róòmù ti ń kan èèyàn mọ́gi, kí gbogbo ayé lè fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó gba ikú, ó gba ẹ̀sín mọ́ ọn. Kìrìsìtẹ́nì tó bá mọ èyí, kò tún yẹ kó jókòó máa wọn ikú àti ẹ̀sín wò, èwo ló yá. Olúwa ti ru méjèèjì.

OPÓ ELÓRÓRO

Ẹ ṣí ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 4. Opó kan wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run, síbẹ̀ ó kú sínú gbèsè. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ló ń fa gbogbo gbèsè. Olówó ń bọ̀ wá kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lọ ṣẹrú. Kí ni obìnrin yìí ṣe? Ó ké jáde sí wòlíì Èlíṣà. Èlíṣà bi í pé kí ló wà nílé. Ó ní kò sí nǹkan kan, àfi ìkòkò òróró kan. Èlíṣà ní kó lọ yá ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ gbogbo aládùúgbò, kó má sì yá díẹ̀.

Àwa oníṣòwò, ibí yìí ló yẹ ká dúró sí. Òróró náà ń dà títí ìkòkò fi tán, ìgbà tí ìkòkò tán ni òróró dá. Iye ilẹ̀kùn tó lè kàn ni iye òróró tó rí gbà. Bí ojú bá ti tì í, tó yá méjì péré, òróró ìkòkò méjì ni ì bá rí. Ọlọ́run ṣe iṣẹ́ ìyanu, ṣùgbọ́n ìkòkò ará àdúgbò ló fi gbà á. Lẹ́yìn náà, wòlíì ní kó lọ ta òróró, kó san gbèsè rẹ̀, kí òun àtàwọn ọmọ sì máa jẹ èyí tó kù. Ẹ gbọ́ bó ṣe tò ó: kó tà, kó san, kó tó jẹ. Ìgbẹ́kẹ̀lé ò pa gbèsè rẹ́. Ó ń fún wa lójú tí a ó fi wo olówó, ó sì ń fún wa lágbára tí a ó fi san án.

Arábìnrin wa yẹn náà jáde. Àwọn onídùúró rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n kọ gbogbo gbèsè náà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ gbà kó máa san díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ó ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ń san án lọ, kò sì tíì kú. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ní í gbé e, ká tó bá a ké ọfẹ. Ẹni tí kò bá fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀, kò sí bí a ṣe fẹ́ bá a sọ ọ́ sórí.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ owó kọjá kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ó kéré tán, ẹ sọ fún ẹnìkan. Àwa tí a bá gbọ́, ẹ jẹ́ ká di ẹnu wa mú. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ kiri ìsọ̀, iṣẹ́ ológò ló ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó rán an. Kóńgò wa, ẹ jẹ́ kó pé. Ìpàdé wa, ẹ má sá fún un, pàápàá lóṣù tí owó ò bá sí lọ́wọ́.

Ọlọ́run opó yẹn kò ní jẹ́ kí ìkòkò wa gbẹ. Kò ní jẹ́ ká rí ìtìjú lórí ọmọ, lórí ọjà, lórí ilé. Ní àmọ́dún, gbogbo wa ni a ó tún péjọ, ẹnikẹ́ni ò ní dín nínú wa. Àmín.



Akọ̀wé Ẹgbẹ́