Bí Èébì Kò Ṣe Ní Dà Wá Láàmú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ
(Ọ̀rọ̀ tí alága bá ìpàdé ẹgbẹ́ sọ ní Port-Bouët)



Ìyá kan nínú wa ṣe iṣẹ́ abẹ òróòro. Ojú ihò kéékèèké ni wọ́n gbà ṣe é, wọn kò la ikùn rẹ̀. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó jí, ó bì títí ilẹ̀ fi ṣú, ojú egbò sì ń dùn ún. Nígbà tí a wádìí, àwa tí a lọ ra oògùn la jẹ̀bi. Nítorí owó, a yọ ọ̀kan kúrò nínú èyí tí dókítà kọ. Oògùn èébì ni!

Nínú irú iṣẹ́ abẹ yìí, wọ́n máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn kí wọ́n lè ríran. Èyí, oògùn oorun, àti oògùn ìrora tó lágbára lè mú kí èébì máa gbé ni.

Ní 1999, dókítà Christian Apfel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ka sí ohun mẹ́rin: kí ènìyàn jẹ́ obìnrin, kí ó má máa mu sìgá, kí ó ti bì rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí kí ó máa bì nínú ọkọ̀, kí ó sì gba oògùn ìrora tó lágbára. Ẹni tí kò ní ìkankan, bíi 10 nínú 100 ni yóò bì. Ẹni tó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tó 80. A kò ní kí ẹnikẹ́ni torí èyí mu sìgá o!

Gbogbo wa la mọ ọ̀nà Èjìgbò sí Àbíjàn. Ẹni tó ń di ọ̀rá mú láti Sèmè dé Elubo mọ ara rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má tijú. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà tí yóò fún yín ní oògùn oorun. Ẹni tí kò gbọ́ Faransé, kí ó mú ọmọ ẹgbẹ́ tó gbọ́ ọ dání.

Bí dókítà bá ti mọ̀, ó lè fún ni ní ondansetron àti dexamethasone pọ̀, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀ síra. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sọ ọ́, nítorí dexamethasone lè mú ṣúgà ara ròkè. Bí wọ́n bá ní kí a má jẹun, kí a má jí i jẹ, kí a má sì mu àgbo, kí oúnjẹ má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lójú oorun.

Bí owó oògùn kò bá pé, ẹ wá bá ẹgbẹ́ kí ẹ tó yọ ọ̀kan kúrò. Ohun tí a fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ọlọ́run yóò fún wa ní àlàáfíà.