Kí Ló Ń Pa Ọmọ Ehoro Wa Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Jos)

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ehoro sínsìn, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ti fi ṣe iṣẹ́ àfikún. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ehoro kò fẹ́ ooru, òtútù orí òkè Jos yìí bá a lára mu. Ọjọ́ 31 péré ni ó fi ń lóyún, ẹ̀yìnkùlé sì tó o gbé. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, ẹjọ́ kan náà ni mo ń gbọ́: "Ó ń jẹun dáadáa lánàá. Ilẹ̀ mọ́, ikùn rẹ̀ wú, ó kú." Ẹni tó yá owó lọ́wọ́ alájẹṣẹ́kù láti fi ra ìyá ehoro, tí ọmọ ogún wá kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàrin ọ̀sẹ̀ kan, gbèsè ló kù fún un. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú abọ́ oúnjẹ wọn.

Ehoro kì í ṣe adìẹ. Níbi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá, ó ní àpò kan tó gba nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo ohun tó wà nínú ikùn àti ìfun rẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí oúnjẹ sì ń kan bí ògì tí a rẹ.

Ìfun ńlá wá ń sẹ́ oúnjẹ bí ìgbà tí a bá ń sẹ́ ògì. Èyí tó tóbi a kọjá lọ kíákíá, a di ìgbẹ́ róbótó líle tí a ń gbá lábẹ́ kéèjì. Èyí tó kúnná, tí kò tó nǹkan bí 0.3 mìlímítà, òun àti omi a padà sẹ́yìn sínú àpò. Ibẹ̀ ni ó ti ń di ìgbẹ́ rírọ̀ tó so pọ̀ bí èso àjàrà, tí ehoro ń fi ẹnu gbà ní ìdí ara rẹ̀, tí ó sì ń gbé mì. Ẹ má ṣe lé e kúrò nídìí rẹ̀ o, ẹ má sì pè é ní ọ̀bùn. Èròjà amúaradàgbà àti fítámì wà nínú rẹ̀.

Ohun tó ń ti ìfun ṣiṣẹ́ ni fáíbà, ìyẹn okùn-okùn líle inú koríko àti ewé, irú èyí tó wà lára háhá àgbàdo. Bí gbogbo oúnjẹ bá kúnná bí èlùbọ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò padà sẹ́yìn. Kò sí ohun tí yóò tì í síwájú. Yóò pẹ́ jù nínú àpò, afẹ́fẹ́ yóò kún un, àwọn kòkòrò burúkú yóò gbilẹ̀. Ehoro kò sì lè bì. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ ni ewu yìí pọ̀ fún jù, nítorí pé ìfun rẹ̀ kò tíì gbó tó láti lọ ọ̀pọ̀ ọkà.

Nígbà òjò, koríko wà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a ó sáré ra dúsà àti oúnjẹ adìẹ tó ń yé. Fáíbà inú oúnjẹ adìẹ yìí kì í sábà ju 7 nínú 100 lọ, ehoro tó ń dàgbà sì ń fẹ́ 14 sí 18. Dúsà ní tirẹ̀ ní fáíbà díẹ̀, ṣùgbọ́n tí a bá lọ̀ ọ́ kúnná, kò lè ti ìfun mọ́. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí pín sí: kí fáíbà pọ̀ tó, kí ó má sì kúnná jù. Oúnjẹ oníkóró tí a ń rà pàápàá, líle rẹ̀ lóde kò ní kí inú rẹ̀ má jẹ́ ìyẹ̀fun.

Ohun tí a lè ṣe nìyí:

1. Ẹ gé koríko sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, kí ó tó gbó. Ẹ sá a, ẹ kó o sórí àjà kí omi má kàn án. Ìtàkùn ẹ̀pà gbígbẹ, tí àwọn Hausa ń pè ní harawa, dára púpọ̀. Èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù.

2. Koríko gbọ́dọ̀ wà níwájú wọn tọ̀sán-tòru. Ẹ má gún un, ẹ má lọ̀ ọ́. Eyín ehoro kì í dẹ́kun híhù, koríko ló ń bá wọn yún un.

3. Ẹ fi ajọ̀ èlùbọ́ jọ oúnjẹ lílọ̀. Bí èyí tó pọ̀ jù bá jò kọjá, ó ti kúnná jù. Ẹ sọ fún ọlọ́lọ̀ kí ó lo asẹ́ tí ihò rẹ̀ fẹ̀.

4. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹ fi ọjọ́ méje sí mẹ́wàá pààrọ̀ oúnjẹ, pàápàá fún ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.

5. Omi mímọ́ kò gbọdọ̀ tán.

Ẹ máa wo ìgbẹ́ wọn ní àràárọ̀. Bí ìgbẹ́ líle bá ń kéré sí i, tàbí tí ìgbẹ́ rírọ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìdí láìjẹ, ẹ dín oúnjẹ lílọ̀ kù, ẹ fi koríko kún un. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru o. Àrùn coccidiosis náà wà. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ tètè lọ rí dókítà ẹran. Vom kò jìnnà sí wa, láti 1924 ni ilé ìwádìí àrùn ẹran ti wà níbẹ̀.

Owó tí a fi òógùn wá ní ìdálẹ̀ kò yẹ kó ṣòfò nítorí ìdì koríko kan. Ọlọ́run yóò bù sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, yóò sì mú wa padà sílé láyọ̀.