Iná kékeré tí a fi téèpù dúdú bò

Ọ̀rọ̀ tòní ń tì mí lójú díẹ̀, àmọ́ màá sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ra tòkunbọ̀. Nígbà tó yá, iná kan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: àwòrán mọ́tò kékeré kan, tí ìlà wíwọ́ méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ní sẹ́ńsọ̀ kan lẹ́sẹ̀ táyà ló bàjẹ́, ó sì dá owó lé e. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Èmi tí mo yẹ kí n gbà wọ́n nímọ̀ràn, mo ní, “Bọ̀dá mi, ṣebí mọ́tò yín ṣì ń rìn?” Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín, ó gé téèpù dúdú, ó fi bo iná náà. A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Nígbà òjò, bọ̀dá mi ń ti Òrè bọ̀. Ìgbọ́kọ̀dá ni wọ́n ń lọ, kí wọ́n lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé wa ní Ayétòrò. Kí wọ́n tó dé Òkìtìpupa, ewúrẹ́ já sójú títì. Wọ́n yí sítíárìn sósì, wọ́n tún yára yí i sọ́tùn-ún. Ìdí mọ́tò yọ̀, ó yí po, ó wọ igbó lọ. Apá wọn kan kán. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò lọ sí i. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó tì wọ́n ní ọsibítù, téèpù yẹn nìkan ni mò ń rí.

Mi ò lè búra pé ohun tí iná yẹn ń sọ ìbá gbà wọ́n. Àmọ́ mo ti wá mọ ohun tá a fọwọ́ ara wa pa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ̀ ojú omi ṣàlàyé, torí ní Ìlàjẹ, ọmọdé ti ń tukọ̀ kó tó mọ mọ́tò. Ẹ wo ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́. Tó bá fẹ́ kí imú ọkọ̀ yà sósì, á ki àjẹ̀ bọ omi lápá òsì, á dì í mú gírígírí. Omi á fa apá ibẹ̀ sẹ́yìn, imú ọkọ̀ á sì yà síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló dá dúró, gbogbo ọkọ̀ ló yí.

Ohun tí iná yẹn ń ṣọ́ gan-an nìyẹn. ESC ni wọ́n ń pè é. Mercedes-Benz máa ń pè é ní ESP, Toyota ní VSC, Honda ní VSA. Sẹ́ńsọ̀ kan ń wo ibi tẹ́ ẹ yí sítíárìn sí. Òmíràn ń wo bí ara mọ́tò ṣe ń yí gan-an. Àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ táyà ń wo bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń sáré. Kọ̀ǹpútà ń fi wọ́n wéra lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá rí i pé òsì lẹ fẹ́ lọ àmọ́ imú mọ́tò ń lọ tààrà, á tẹ bíréèkì táyà ẹ̀yìn lápá òsì nìkan. Tó bá jẹ́ ìdí mọ́tò ló ń fò sọ́tùn-ún, á tẹ ti iwájú lápá ọ̀tún. Kò sí awakọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ṣe é, torí tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, gbogbo táyà lẹ tẹ̀.

Ọdún 1995 ni Mercedes-Benz àti Bosch kọ́kọ́ gbé e jáde nínú mọ́tò olówó ńlá. Lọ́dún 1997, àwọn oníròyìn mọ́tò kan ní Sweden gbé A-Class tuntun jáde, wọ́n yí sítíárìn sósì sọ́tùn-ún bí ẹni ń yẹra fún ẹranko. Mọ́tò náà dojú dé. Mercedes-Benz wá fi ESP sínú gbogbo A-Class. Tiwọn, ẹranko inú igbó. Tiwa, ewúrẹ́, kòtò àti ọ̀kadà.

Lọ́dún 2007, àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà fojú bù ú pé ó máa dín jàǹbá tí mọ́tò kan dá nìkan ní kù ní ìdá 34 nínú 100 fún ayọ́kẹ́lẹ́, àti ìdá 59 fún jíìpù. Láti mọ́tò ọdún 2012 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan lọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, tòkunbọ̀ 2012 sókè tó ti Amẹ́ríkà wá ti ní in kó tó gúnlẹ̀ sí Àpápá. Àwa la máa ń pa á.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra mọ́tò, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, ẹ má tíì sítáàtì. Iná yẹn gbọ́dọ̀ tàn. Ẹ wá sítáàtì. Láìpẹ́, ó gbọ́dọ̀ kú. Tí kò bá tàn rárá, ẹ bi ara yín pé ta ló bò ó. Tó bá kọ̀ tí kò kú, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti tẹ bọ́tìnnì OFF. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan ti bàjẹ́, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa san, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe. Tó bá ń ṣẹ́jú lórí ìrìn, ó ń ṣiṣẹ́ ni, ẹ dín eré kù.

Àmọ́ o, kò lè gba ẹni tó ń sá eré àsápajúdé tàbí tí táyà rẹ̀ ti dán bí orí apárí. Àjẹ̀ ò wúlò níbi tí kò sí omi.

Ẹ̀gbọ́n mi ti tún mọ́tò wọn ṣe. Èmi ni mo san owó sẹ́ńsọ̀, mo sì fi èékánná ara mi ṣí téèpù yẹn kúrò. Ní ilé wa, kò sẹ́ni tó máa sọ àjẹ̀ nù torí pé ọkọ̀ ṣì ń léfòó.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wá mọ́tò rà. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.