Táyà Ló Ń Dá Ọkọ̀ Dúró: Yíyan Bíréèkì fún Ọkọ̀ Kékeré Asárétete

Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi pé ọ̀rọ̀ bíréèkì ni mo fẹ́ sọ ní gbangba, ó ní, "Baálé mi, kí ló wà nínú bíréèkì tí èèyàn ń sọ fún odindi wákàtí kan?" Mo ní ó pọ̀. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí n má dójú ti ara mi.

Àwọn ọmọ wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ kékeré asárétete, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hot hatch: ọkọ̀ tí kò ju èyí tí wọ́n fi ń lọ ra ọjà lọ, tó ní ìlẹ̀kùn gbàgàdà lẹ́yìn, àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọkọ̀ ọjà. Bí ọmọ bá ti ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tán, bíréèkì ńlá ló kàn. Fọ́tò á dé sórí fóònù mi: kálípà pupa, dísìkì tí wọ́n lu ihò sí wínníwínní bí asẹ́. "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n ra eléyìí?"

Ìdáhùn mi rèé, kò sì ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Bíréèkì kọ́ ló ń dá ọkọ̀ dúró, táyà ni. Iṣẹ́ bíréèkì ni láti gba ooru. Ẹni tó bá mọ iye ooru tí òun ń dá sílẹ̀ ló mọ bíréèkì tó yẹ òun.

Omi àmàlà

Ọkọ̀ tó ń sáré ru agbára. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, agbára yẹn kò lè pòórá bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ di nǹkan mìíràn, ooru ló sì ń dà. Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ tó wọn 1,000 kílò, tòun ti awakọ̀ àti epo inú rẹ̀, tó ń sá 70 máìlì ní wákàtí kan. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì títí ó fi dúró, ooru tó jáde tó 490,000 joule. Kí ni ìyẹn já sí? Ẹ gbé omi àmàlà ka iná, omi tó lé ní lítà kan, láti ẹnu ẹ̀rọ títí yóò fi hó. Ooru tí ẹ lò nìyẹn. Ìkòkò tiyín gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó hó. Bíréèkì kó gbogbo ooru yẹn jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin sí márùn-ún.

Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ yìí, tí gbogbo wa há sórí kí wọ́n tó fún wa ní láísẹ́ǹsì, jẹ́rìí sí i. Ó ní lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti kan bíréèkì, mítà 14 ni ọkọ̀ tó ń sá 30 máìlì yóò rìn kó tó dúró. Èyí tó ń sá 70 yóò rìn mítà 75. Eré kò tó ìlọ́po méjì àtààbọ̀, ọ̀nà sì ti lé ní ìlọ́po márùn-ún.

Níbo ni ooru náà ń wọ̀? Inú irin dísìkì ni, àwo irin tó ń yí pẹ̀lú táyà, tí kálípà ń fi páàdì fún mọ́ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ká ní dísìkì iwájú méjèèjì wọn kílò 8 lápapọ̀, ká sì ní àwọn ló gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ooru ọ̀hún: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá dúró láti orí 70 máìlì, wọ́n á fi nǹkan bí 100 digirí gbóná sí i. Nígboro, ìyẹn kò tó nǹkan, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ kí ẹ tó tún tẹ bíréèkì. Àmọ́ ẹ gbé ọkọ̀ kan náà lọ sí pápá eré ìje Brands Hatch ní Kent, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i fún aráàlú. Òbírí kúkurú ibẹ̀ kò ju máìlì kan àti díẹ̀ lọ. Awakọ̀ á tẹ bíréèkì ní ìyànà Paddock Hill, kò tíì mí tán tí ìyànà Druids fi dé, kò sì ní pẹ́ tí Paddock á tún fi yọjú. Ooru àná kò tíì lọ tí ooru òní fi gorí rẹ̀. Ibẹ̀ ni bíréèkì kékeré ti ń rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kẹwàá

Ẹ dán nǹkan wò níbi tí kò sí èèyàn. Ẹ sáré díẹ̀, kí ẹ sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátá. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń gbọ̀n tìtìtì lórí pẹ́dà, ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há, ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, ohun tó sì ń sọ fún yín ni pé bíréèkì ti lágbára ju bí táyà ṣe lè di ilẹ̀ mú lọ. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ ìbáà gbé dísìkì tó fẹ̀ bí àtẹ ọlọ́jà síbẹ̀, kò ní dín mítà kan kù nínú ọ̀nà tí ẹ óò rìn kí ẹ tó dúró. Táyà tuntun tó jẹ́ ojúlówó lè dín in kù.

Kí wá ni bíréèkì ńlá wà fún? Ìgbà kẹwàá ni. Bíréèkì kékeré lè dá ọkọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kíní bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ńlá ṣe lè ṣe é. Èyí tó ní irin púpọ̀ ló lè ṣe ìkẹwàá bíi ti ìkíní.

Ìtàn dísìkì fúnra rẹ̀ fi èyí hàn. Ọdún 1902 ni onímọ̀ ẹ̀rọ Frederick Lanchester ti gba ìwé àṣẹ lórí bíréèkì onídísìkì ní Birmingham, síbẹ̀ ayé kò kọbi ara sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àfìgbà tí Jaguar lò ó ní eré ìje Le Mans lọ́dún 1953, tó sì gba ipò kìíní. Eré wákàtí mẹ́rìnlélógún ni eré yẹn. Bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù tí àwọn yòókù ń lò náà lè dá ọkọ̀ dúró dáadáa; àmọ́ ó fi ooru pamọ́ sínú ara rẹ̀ bí ìkòkò tí a dé lọ́mọrí, nígbà tí dísìkì na ara rẹ̀ síta kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ.

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ yìí, mo ra ọkọ̀ kékeré kan tí ó ti dàgbà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ̀bi tèmi ni. Lọ́jọ́ kan mò ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè gíga kan ní Derbyshire, mo sì ń tẹ bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ìyànà tó kẹ́yìn, pẹ́dà rì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Mo fa bíréèkì ọwọ́, mo wọ jíà kékeré, igbó etí ọ̀nà ló gbà mí. Nígbà tí mo wo ọ́ìlì bíréèkì lọ́jọ́ kejì, ó dúdú bí àgbo ibà ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230 digirí. Bí omi tó wọ̀ ọ́ bá tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè máa hó ní 155. Bó bá ti hó, èéfín wọnú páìpù. Èéfín sì ṣeé fún pọ̀, ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀. Ẹsẹ̀ yín á máa fún èéfín pọ̀, kálípà ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí ì bá gbà mí lọ́jọ́ náà kì í ṣe kálípà olówó ńlá. Ìgò ọ́ìlì kan ni, àti ọ̀rẹ́ kan tí yóò máa tẹ pẹ́dà nígbà tí mo bá ń tú afẹ́fẹ́ jáde.

Ibi pẹlẹbẹ nìyẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́dún méjì méjì. Ẹni tó bá ń lọ pápá eré ìje kó pààrọ̀ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì lo DOT 5.1, èyí tí kì í hó títí dé 260 bó bá jẹ́ tuntun. Ẹ má ṣì í mú fún DOT 5, oní-silicone nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, tó bá ti gbó, máa ń wú bí a bá tẹ pẹ́dà. Èyí tí wọ́n fi wáyà irin hun lára kì í wú bẹ́ẹ̀.

Páàdì ló tẹ̀ lé e. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní páàdì eré ìje fún ọkọ̀ tí ẹ fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé. Irú páàdì bẹ́ẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa kó tó gbóná. Ẹ rò ó wò: òwúrọ̀ oṣù Kìíní, yìnyín wà lórí gíláàsì, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kúrò nílé, ọmọ ọlọ́mọ sáré bọ́ sí títì. Lọ́jọ́ náà, páàdì tó ń dúró de ooru kò wúlò. Páàdì tó dára fún ojú pópó, tó sì lè gba ooru díẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ, ló tó fún ọ̀pọ̀ nínú wa.

Àpẹẹrẹ Golf

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan tí gbogbo wa mọ̀. Ní Frankfurt, lọ́dún 1975, ni Volkswagen ti fi Golf GTI han ayé; ọdún 1976 ló bọ́ sójà: agbára ẹṣin 110, ìwọ̀n tó lé díẹ̀ ní 800 kílò, dísìkì níwájú, dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Ní Jámánì, ọ̀tún ni wọ́n ń gbà, òsì ni awakọ̀ ń jókòó. Àwa náà ní Nàìjíríà ti di ọlọ́tùn-ún láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972. Àmọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró sí òsì, ọkọ̀ tibí sì gbọdọ̀ ní sítíárì lọ́tùn-ún.

Kí ni wọ́n ṣe sí Golf àkọ́kọ́ yẹn? Wọ́n gbé pẹ́dà wá sọ́tùn-ún, wọ́n fi máásítà sìlíńdà, èyí tó ń ti ọ́ìlì lọ sí kálípà, sílẹ̀ lósì, wọ́n wá fi ọ̀pá irin kan so wọ́n pọ̀ láti ìhà kan sí ìhà kejì. Gbogbo oríkèé ọ̀pá náà ló ń jẹ díẹ̀ nínú agbára ẹsẹ̀ awakọ̀. Ìdí nìyẹn tí bíréèkì Golf yẹn fi di ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ nílẹ̀ yìí, nígbà tí àwọn ará Jámánì kò rí nǹkan sọ sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn sáré lọ gbé dísìkì 280 mílímítà ti Volkswagen Corrado sí i. Dísìkì yẹn kò wọ inú rímù oní-íńṣì 13 tó bá ọkọ̀ dé, wọ́n tún ra rímù oní-íńṣì 15. Owó lọ, pẹ́dà ṣì rọ̀. Ọ̀pá àti oríkèé rẹ̀ ló ń dùn wọ́n, ẹnikẹ́ni kò wo ibẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Kálípà tí pístọ̀n rẹ̀ tóbi ń fẹ́ ọ́ìlì púpọ̀. Bí máásítà sìlíńdà bá kéré, ńṣe ló dà bí ẹni ń fi ife bu omi kún àmù, pẹ́dà á jìn kó tó dì í mú.

Ọ̀rọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn náà sì wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní iwájú iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ọkọ̀ ń ṣe nígbà tí a bá tẹ bíréèkì: ó ré síwájú, táyà ẹ̀yìn fúyẹ́. Nítorí náà ni ilé iṣẹ́ fi fún iwájú ní iṣẹ́ púpọ̀. Bí ẹ bá fi bíréèkì ńlá kún iwájú nìkan, ẹ̀yìn á di ọ̀lẹ, táyà iwájú á tètè yọ̀, ọkọ̀ sì lè pẹ́ kó tó dúró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi kún ẹ̀yìn jù, ẹ̀yìn á fẹ́ ṣáájú iwájú, ọkọ̀ á yí òbírí. Peugeot 205 GTI 1.6 wá pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn, 1.9 wá pẹ̀lú dísìkì. Àwọn tó ṣe é wọn iwájú mọ́ ẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá tú u kó mọ̀ pé òṣùwọ̀n ni òun tú.

Ẹni wo ni ẹ jẹ́?

Bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì ni ọkọ̀ yín ń lọ: táyà tó dára, ọ́ìlì tuntun, dísìkì àti páàdì tó bá ti ilé iṣẹ́ mu. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń gun òkè Wales lópin ọ̀sẹ̀, ẹ fi páàdì tó gba ooru díẹ̀ àti rọ́bà tí wọ́n fi irin hun kún un. Ẹni tó bá ń lọ pápá eré ìje lóòrèkóòrè ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í ronú dísìkì ńlá àti kálípà, kó sì ka owó rímù mọ́ ọn. Ihò wínníwínní yẹn kì í fún dísìkì ní irin, ó ń mú irin kúrò ni. Etí ihò sì ni irin tó gbóná ti máa ń là. Ohunkóhun tí ẹ bá yí padà, ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò yín kí ọ̀rọ̀ tó di àríyànjiyàn lọ́jọ́ ìjàm̀bá.

Ọmọkùnrin tó fi fọ́tò kálípà pupa ránṣẹ́ sí mi wá sílé ní ọjọ́ Sátidé kan. A fi jáàkì gbé ọkọ̀ rẹ̀, a bọ́ táyà. Mo fi ìka kan etí dísìkì: ó ti ní gegele bí etí àwo. Wọ́n tẹ òpin sísanra rẹ̀ sí i lára, 18 mílímítà. A fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n: 17.6. Irin tó yẹ kó gba ooru ti jẹ tán, ọmọ náà sì ń wá kálípà. A ra dísìkì tuntun tí kò ní ihò kankan, páàdì ojú pópó àti ìgò ọ́ìlì méjì. Lẹ́yìn náà, a lọ sí ọ̀nà tó dá, ó sáré, ó rọra tẹ bíréèkì láì jẹ́ kí ọkọ̀ dúró pátá, ó tún sáré, bíi ìgbà mẹ́wàá, kí páàdì àti dísìkì lè mọ ara wọn. Òórùn páàdì gba inú ọkọ̀ bí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná àgbẹ̀dẹ. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọkànlá, ó yíjú sí mi: "Sà, ó le bí òkúta!"

Ojú rẹ̀ ṣì wà lára fọ́tò yẹn, mo mọ̀. Mo ní kó lọ ra agolo ọ̀dà pupa kan, èyí tí ooru kì í bó, kó fi kun kálípà tó wà níbẹ̀. Ó kùn ún. Ó wuyì lójú gan-an.