Àfòmọ́ Tó Ta Gbòǹgbò Sínú Ọkàn Ẹja



Tí a bá ra ẹja tútù, ohun tí a kọ́kọ́ ń yọ dànù ni ohun pupa tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Ẹ̀yà ìmí ẹja nìyẹn. Omi ń gba ibẹ̀ kọjá láìdúró, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn lẹ́yìn awọ tó fẹ́lẹ́ gan-an, kí ọ́síjìn inú omi lè ráyè wọlé. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti sún mọ́ òde tó bẹ́ẹ̀, tó tún ní ìdérí tó ń bo ẹni tó bá sá síbẹ̀, ṣé àfòmọ́ á mójú kúrò níbẹ̀? Aràn pẹlẹbẹ oníkọ̀ọ́ ń gbé ibẹ̀, àwọn ìbátan edé ń gbé ibẹ̀, àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí náà ń gbé ibẹ̀. Ọ̀kan péré ni mo fẹ́ mú lónìí, nítorí kò sí èyí tó yà mí lẹ́nu tó o: Lernaeocera branchialis, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹja kọ́ọ̀dù ní ìhà àríwá òkun Àtìláńtíìkì. Kọ́ọ̀dù kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ni wọ́n ń sá sínú afẹ́fẹ́ òtútù ní erékùṣù Lofoten, ní Norway, títí yóò fi le gbagidi, tí àwọn ará Igbo ń pè ní okporoko, tí wọ́n ń kó wá sí ọjà wa.

Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ti inú òkun yìí yàtọ̀ pátápátá. Kì í bá ẹja gbogbo tan. Tí ẹyin rẹ̀ bá pa, ọmọ wẹ́wẹ́ rẹ̀ á wẹ odò lọ wá ẹja pẹlẹbẹ, irú èyí tí ojú rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn ìsàlẹ̀ òkun. Ẹ̀yà ìmí ẹja yìí ló ti máa dàgbà, ibẹ̀ náà sì ni akọ ti ń bá abo pàdé. Iṣẹ́ akọ parí síbẹ̀. Abo á já kúrò, á lọ wá ẹja kejì, ìyẹn kọ́ọ̀dù tàbí àwọn ìbátan rẹ̀ bíi haddock àti whiting. Nígbà yìí, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 3 lọ. Á wọ abẹ́ ìdérí, á ki orí bọ inú ẹran, á máa tẹ̀ lé òpó ẹ̀jẹ̀ títí á fi dé ẹnu ọkàn ẹja. Níbẹ̀ ni orí rẹ̀ á ti ya ẹ̀ka sọ́tùn-ún sósì, tí á fi rinlẹ̀. Gbòǹgbò nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, nínú ọkàn gan-an! Ara rẹ̀ tó kù lábẹ́ ìdérí á wú, á lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, á pọ́n nítorí ẹ̀jẹ̀ tó mu, ó sì lè tó sẹ̀ǹtímítà 4.

Nígbà tí Carl Linnaeus ará Sweden fún un lórúkọ ní 1767, àárín àwọn aràn ló tò ó sí. Ta ló lè wo ohun tó dà bí ẹ̀jẹ̀ dídì yìí kó pè é ní ìbátan edé àti akàn? Ìrísí ọmọ wẹ́wẹ́ rẹ̀ ló tú àṣírí ìdílé tó ti wá.

Kọ́ọ̀dù tó bá ru ẹrù yìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dín, á rù, ẹyin tó máa yé á dín. Ọ̀rá á dín nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ti ń fún epo tí a ń fún ọmọdé mu. Èyí tó kéré lára wọn lè kú. Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: tí ẹja bá kú nínú adágún ọlọ́sìn ẹja, òkú rẹ̀ á léfòó, olówó rẹ̀ á figbe ta. Nínú òkun, ẹja mìíràn á ti gbé òkú náà mì. Èyí tí àwọ̀n ń kó wá ni àwọn tó rù ú tí wọn kò kú. Ẹni tó bá ń fi ẹja inú àwọ̀n nìkan ṣírò ìjàǹbá àfòmọ́, ìṣirò rẹ̀ kò lè pé.

Síbẹ̀, àfòmọ́ tún jẹ́ ẹlẹ́rìí. Zbigniew Kabata, ọmọ Poland tó bá àwọn ọmọ ogun abẹ́lẹ̀ jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ṣe iṣẹ́ ìwádìí àfòmọ́ ẹja ní Aberdeen ní Scotland, lẹ́yìn náà ní Kánádà. Ní 1979 ni ìwé ńlá rẹ̀ lórí irú àfòmọ́ yìí lára ẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ó wà lára àwọn tó kọ́ wa pé àfòmọ́ lè sọ ibi tí ẹja ti gbé. Kọ́ọ̀dù tó gbé Lernaeocera dání ti gba omi tí ẹja pẹlẹbẹ ń gbé kọjá rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú agbami ni wọ́n ti mú un.

Ẹ̀yin ìyá wa ẹlẹ́ja á fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ran èèyàn. Rárá o. Kì í gbé ara èèyàn, kò sì lè yè lára ẹja gbígbẹ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹja etíkun tiwa ni iṣẹ́ yín. Ẹ bá àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Ègùn sọ̀rọ̀, kí ẹ gba ẹja náà ní kété tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, nítorí aràn oníkọ̀ọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́ tí ẹja bá ti kú. Ẹ gé ẹ̀yà ìmí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, kí ẹ sì kọ èyí tí ẹ ti rí àfòmọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ibi tí wọ́n yàn láàyò, ẹni tó bá sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ike kan kò ní mọ ibẹ̀ mọ́.