Tọgbọ́ntọgbọ́n: Ọ̀rọ̀ Kan fún Tọmọdé Tàgbà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá sí Laurel lónìí: tọgbọ́ntọgbọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo bí a ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹ mú "ti" àti "ọgbọ́n", ẹ pa wọ́n pọ̀, ó di "tọgbọ́n". Ẹ wá pè é lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ayọ̀ ṣe di tayọ̀tayọ̀, tí ìfẹ́ di tìfẹ́tìfẹ́. Láti ọdún 1843 tí Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ni a ti ń rí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa kà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kọ́ ìlò rẹ̀.

Ènìyàn lè gbọ́n, kó má sì ṣe nǹkan tọgbọ́ntọgbọ́n. Bí bàbá rẹ bá ṣi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan pè níwájú tíṣà, tí o já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, òótọ́ ni o sọ, o sì gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí o bá dúró di ìgbà tí ẹ wọ mọ́tò, tí o wá ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, báyìí ni wọ́n ń pè é níbí," o ṣe é tọgbọ́ntọgbọ́n. Òótọ́ kan náà ni, iyì bàbá rẹ kò sì bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa òbí. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe. Tí oṣù Kẹrin bá dé, tí owó orí kàn, àwọn kan a máa ní kí n bá àwọn ṣe é tọgbọ́ntọgbọ́n, bẹ́ẹ̀ owó tó wọlé ni wọ́n fẹ́ kí n fi pamọ́. Jìbìtì ni ìyẹn ń jẹ́. Bí wọ́n bá sì pè láti ilé fún owó tí a kò ní, tí a ní kí ọmọ sọ pé a kò sí nílé, irọ́ ni a kọ́ ọ. Ká gbé fóònù, ká sọ iye tí agbára wa ká àti ìgbà tí a lè fi ránṣẹ́: ìyẹn ni tọgbọ́ntọgbọ́n. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yóò gbọ́, yóò sì mọ̀ ọ́n lò.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi tún ilé wa ṣe ní Maryland náà.